Ṣé o mọ̀? Irun ìpàkọ́ ti kó lọ síwájú orí!

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin irun sórí kò gbọ́dọ̀ tíì yọjú sí etí òkun Avépozo?

Bẹ́ẹ̀ ni o! Avépozo ní Lomé, lójú ọ̀nà Aného, níbi tí tèwe-tàgbà ti ń gbafẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Oòrùn ń bẹ níbẹ̀. Omi iyọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Iyanrìn ń bẹ níbẹ̀. Zémidjan, ọ̀kadà tó máa gbé ọ débẹ̀ ńkọ́? Òun náà ní àṣíborí tirẹ̀. Ọ̀tá orí tuntun ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Fara balẹ̀, mo máa sọ iye ọjọ́ tí o máa fi ní sùúrù. Kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí irun náà ti ń wá.

Ìpàkọ́ rẹ ni! Kì í ṣe irun òkú. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Assigamé. Irun tìrẹ gan-an, tòun ti gbòǹgbò, ni wọ́n ń yọ lẹ́yìn orí, tí wọ́n ń gbìn síwájú.

Ó sì ń dàgbà níbẹ̀ bí ẹni pé kò kúrò nílé. Irun ìpàkọ́ kì í sábà pá. Gbé e síwájú, ìwà ìpàkọ́ ló ṣì máa hù.

O fẹ́ mọ ẹni tó fi èyí han ayé? Norman Orentreich ni, dókítà awọ ara ní New York. Ọdún 1952 ló kọ́kọ́ gbin irun fún apárí. Ìwé ìwádìí rẹ̀ ńkọ́? 1959! Ọdún 7 gbáko lẹ́yìn iṣẹ́.

Dúró ná, Japan ti ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ní 1939, Shoji Okuda kọ̀wé nípa bó ṣe ń gbin irun fún àwọn tí iná jó lórí, àti fún àwọn tí irun òkè ojú wọn ti lọ. Èèyàn tó lé ní 200! Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀. Ìwé náà kú sí Japan, etí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ ní Amẹ́ríkà.

Ọdún 4 lẹ́yìn náà, ní 1943, dókítà Japan mìíràn, Hajime Tamura, tún gba ibòmíràn yọ. Ìsàlẹ̀ ara àwọn obìnrin tí kò ní irun níbẹ̀ ló ń gbin irun sí! Irun 1, irun 2, irun 3 lẹ́ẹ̀kan, kéékèèké.

Ó sì lé ní 40 ọdún kí àwọn dókítà òyìnbó tó padà sórí ọgbọ́n kéékèèké yìí. Kí wọ́n tó padà, ìṣù awọ tó fẹ̀ tó mílímítà 4 ni wọ́n ń gbìn. Orí ẹlòmíràn wá dà bí orí bèbí oníke tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. O lè ka ìlà irun náà láti òdìkejì títì!

Bobby Limmer ní San Antonio, Texas, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo irun kí ó tó gé e, ní 1988. Ó rí i pé irun kì í dá hù. Wọ́n ń hù ní ìdì-ìdì. Ìdì kan lè ní irun 1, ó lè ní 2, ó lè ní 3 tàbí 4. Ìdì-ìdì yẹn ni gbogbo ayé ń gbìn lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé sẹ́nétọ̀ kan wọlé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pẹ̀lú ojú wíwú nítorí irun? William Proxmire ti Wisconsin ni, ní 1972. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Irun ló lọ gbìn.

Silvio Berlusconi ńkọ́? Olórí ìjọba Italy nígbà náà! Ní oṣù Kẹjọ 2004, ó gbàlejò Tony Blair ní Sardinia pẹ̀lú aṣọ tó dì mọ́rí. Gbogbo oníròyìn ń wo aṣọ orí, wọn ò wo àlejò mọ́. Irun tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Wayne Rooney kò tiẹ̀ bò ó. Oṣù Kẹfà 2011, ọmọ ọdún 25, ó bọ́ sórí Twitter, ó sọ fún gbogbo ayé pé òun ti lọ gbin irun.

Ọmọ ọdún 25! Ibẹ̀ ni kí o ti tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ o. Irun tí wọ́n gbìn máa dúró, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè máa pá lọ. Wàá wá ní irun níwájú, wàá ní irun lẹ́yìn, àárín á wá dán gbinrin. Ìdí nìyẹn tí dókítà gidi fi máa ń lé ọ̀dọ́ padà sílé pé kó ní sùúrù ná.

Pípá orí tiẹ̀ ní ìpele. Ìpele 7 ni àwọn dókítà fi ń wọ̀n ọ́n fún ọkùnrin. James Hamilton ló ṣe tàkọ́kọ́, O'Tar Norwood ló tún un ṣe ní 1975. Béèrè ìpele tìrẹ lọ́wọ́ dókítà kí o tó béèrè iye owó.

Mélòó ni irun orí èèyàn? Nǹkan bí 100,000. Ti gbogbo ara ńkọ́? Ihò irun bíi mílíọ̀nù 5! Inú ìyá rẹ ni o ti gba gbogbo wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, kò sí ẹyọ kan tí a fi kún un.

Irun 50 sí 100 ń já lórí rẹ lójoojúmọ́. Má sunkún sórí kóòmù.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù: ìdajì irun ibì kan lórí lè lọ kí ojú tó rí i. Ìdajì! Nígbà tí aládùúgbò bá fi máa sọ pé orí rẹ ti ń ṣí, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣí.

Ó yá, ká wá sórí irun àwa èèyàn dúdú. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ṣé o mọ̀ pé irun wa ti ká kò kó tó jáde síta? Abẹ́ awọ ló ti ń tẹ̀ kọrọdọ. Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ tẹ̀! Irinṣẹ́ tó ń yọ ọ́ rèé, tààrà ló ń lọ. Ihò ẹnu rẹ̀ kò tó mílímítà 1 nígbà mìíràn. Bí ọwọ́ kò bá mọ ìtẹ̀ náà, gbòǹgbò á gé sí méjì nínú ilẹ̀. Irun yẹn ti lọ nìyẹn.

Ní 2011, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń yọ irun, ARTAS lorúkọ rẹ̀. Irun wo ni wọ́n fọwọ́ sí i fún? Irun dúdú tàbí irun pupa rẹ́súrẹ́sú tó NÀ! Irun tó ká kò sí níbẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì odindi, ó débi irun wa, ó dúró.

Dókítà awọ ara kan ní California, Sanusi Umar, ló jókòó ti ọ̀ràn yìí. Ó ṣe irinṣẹ́ tó ń bá ìtẹ̀ irun lọ lábẹ́ awọ.

Gbọ́ òmíràn. Irun wa kì í sáré. Onímọ̀ kan, Geneviève Loussouarn, wọ̀n ọ́n, ó gbé e jáde ní 2001. Irun àwọn ará Áfíríkà ń gùn ní mákíróòmítà 256 lóòjọ́. Ti òyìnbó? 396! Ìyẹn ni pé lóṣù kan, tiwa kò tó mílímítà 8, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12.

Nítorí náà, má fi orí rẹ wé fọ́tò oṣù kẹfà tí òyìnbó kan gbé síta. Ìwọ àti ẹ̀ kò jọ dáwọ́ lé eré kan náà.

Ìdì irun tiwa tún fọ́nká ju tiwọn lọ. Nínú mílímítà 1 lóròó àti níbùú, òyìnbó ní ìdì irun 1. Tiwa jẹ́ bíi 0.6. Tiwa kéré!

Ṣùgbọ́n ká má dárò. Irun tó ká ń bo ilẹ̀ ju èyí tó nà lọ. Ìdì díẹ̀ á ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Nígbà tí òyìnbó ń wá 3,000, ẹlòmíràn nínú wa lè má nílò tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà tó mọṣẹ́ kì í sáré sí orí dúdú. Ó máa kọ́kọ́ yọ ìdì mélòó kan wò, á wo bí wọ́n ṣe tẹ̀, á wo bí ojú egbò á ṣe jinná. Bí wọ́n bá ní àwọn máa ṣe é lọ́jọ́ tí o dé gan-an láì yẹ ohunkóhun wò, dìde ńlẹ̀.

Ojú egbò yẹn ṣe pàtàkì o. O mọ kélọ́ìdì, àpá tó ń wú tó ń yọ̀ṣọ̀rọ̀ kọjá ojú ibi tí wọ́n gé? Jean-Louis Alibert, ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ó fi ọmọga akàn ṣe àpèjúwe rẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Ṣé etí tí wọ́n lu fún ọ nígbà èwe wú? Ṣé ìpàkọ́ rẹ máa ń yọ kókó lẹ́yìn tí o bá gẹrun? Sọ ọ́. Má fi pamọ́ fún dókítà. Ìpàkọ́ yẹn náà ni oko tí wọ́n fẹ́ wú irun.

Ẹ̀yin ìyá àti ọmọge, ẹ súnmọ́ bí.

Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé dídì tó le ń pa irun iwájú? Kì í ṣe Lomé. Kì í ṣe Èkó. Kì í ṣe Dakar. Greenland ni! Nínú yìnyín! Ní 1907, dókítà kan tó ń jẹ́ Trebitsch rí i lórí àwọn obìnrin ibẹ̀ tó ń fa irun wọn le sókè.

Cape Town ńkọ́? Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ orí wò níbẹ̀. Nínú 100 àgbà obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32 tí dídì ti lé irun ẹ̀bá iwájú wọn sẹ́yìn. Ọkùnrin? Nǹkan bí 2 péré. Àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé, 17 nínú 100. Ọmọ ilé ìwé!

Ìròyìn ayọ̀ sì wà. Bí kò bá tíì pẹ́, irun náà máa padà fúnra rẹ̀. Sọ fún onídìrí kó dẹ ọwọ́. Bí ó bá ń dùn ọ́ níbi ìdí irun, ó ti le jù nìyẹn. Owó kọ́bọ̀ kan kò jáde.

Bí ó bá ti pẹ́ tí ihò irun ti dí, gbígbìn lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbìn ín tán tí o tún padà sábẹ́ ọwọ́ líle náà, irun tuntun á bá ti àtijọ́ lọ.

Pípá àtàrí wà tó yàtọ̀ pátápátá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín orí obìnrin, á máa fẹ̀ bí òrùka, á máa jó, á máa yún. Tẹ́lẹ̀, kóòmù gbígbóná ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi. Ní 2019, àwọn onímọ̀ rí i pé apilẹ̀ àbùdá kan, PADI3, lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbin irun sórí ibi tó ṣì ń jó. Egbò inú á jẹ ẹ́!

Báwo lo ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe ọ́? Dókítà awọ ara ni, kì í ṣe ẹni tó ń ta irun. Ó lè gé awọ bíńtín lọ yẹ̀wò. Bó o bá wà ní Avépozo, ẹ̀ka awọ ara wà ní CHU Sylvanus Olympio ní Tokoin. Dé ibẹ̀ kó o tó dé pápákọ̀ òfurufú.

Ká yà bàrá díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ìwẹ̀fà, ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, kì í pá lórí? Hippocrates ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gíríìsì láti ọ̀rúndún 24 sẹ́yìn. Ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́ náà ní ìwẹ̀fà, Ọ̀nà-ìwẹ̀fà, Ọ̀tún-ìwẹ̀fà, Òsì-ìwẹ̀fà. Kò tíì sẹ́ni tó bá mi ka orí wọn. Ní 1942, Hamilton fi hàn pé bí testosterone, hómóònù ọkùnrin, kò bá sí, orí ọkùnrin kì í pá. Ẹnikẹ́ni kò ní torí irun lọ ṣe ìyẹn, mo mọ̀.

Láàfin Ọ̀yọ́ kan náà nígbà náà, àwọn Ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, máa ń fá ìdajì orí, wọ́n á fi ìdajì sílẹ̀. Tinútinú!

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ńkọ́? Nínú ìwé kan tó ti lé ní 3,500 ọdún, ọ̀rá kìnnìún, ọ̀rá erinmi, ọ̀rá ọ̀nì, ọ̀rá ológbò, ọ̀rá ejò àti ti ewúrẹ́ orí òkè ni wọ́n pò pọ̀ fún apárí. Ọ̀rá ẹranko 6! Ta ló lọ bá ọ̀nì gba ọ̀rá?

Nínú Bíbélì, ọmọ 42 ni béárì abo 2 fà ya, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi orí pípá Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 2. Lọ kà á.

Oògùn wà báyìí tó dára ju ọ̀rá ọ̀nì lọ. Minoxidil rèé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni! Irun ló ń hù lára àwọn tó ń gbé e mì. Ní 1988, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi í pa orí.

Ti finasteride tún ga jùyẹn lọ. Ní abúlé Salinas, ní Dominican Republic, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n rò pé obìnrin ni wọ́n bí. Nígbà tí wọ́n bàlágà, wọ́n di ọkùnrin! Julianne Imperato-McGinley kọ̀wé nípa wọn ní 1974. Wọ́n dàgbà, wọ́n darúgbó, orí wọn kò pá. Ohun tí wọ́n bá lára wọn yẹn ló bí oògùn náà. 1992 ni ti próstéètì jáde, 1997 ni ti irun.

Ẹni tó gbin irun tán ṣì lè nílò ọ̀kan nínú méjèèjì, kí èyí tó kù lórí má baà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Béèrè lọ́wọ́ dókítà, má rà á lẹ́bàá títì. Obìnrin tó lóyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan finasteride tó ti fọ́.

Ọjọ́ gbígbìn gan-an wá ńkọ́?

O máa jí. Wọn kì í sábà mú ọ sùn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa gún sórí kí ó kú tipiri, ìwọ á máa gbọ́ rédíò. Wákàtí 6, wákàtí 8, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ìdì 2,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan!

Irun tó ti kúrò lórí, tí kò tíì délẹ̀ tuntun, báwo ló ṣe ń wà láàyè? Limmer dán an wò. Lẹ́yìn wákàtí 2 níta, 95 nínú 100 ló yè. Lẹ́yìn wákàtí 6, 86. Lẹ́yìn wákàtí 24 ńkọ́? 79! Odindi ọjọ́ kan láìsí lára ẹnikẹ́ni, ó sì tún hù.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí ló léwu. Àwọn dókítà méjì, Robert Bernstein àti William Rassman, fa irun tuntun wò, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, bí o bá fa irun, gbòǹgbò á bá a jáde. Tó bá di ọjọ́ kẹsàn-án, fà á bó o ṣe fẹ́, kò lọ mọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́wàá! Má họ orí. Yóò yún ọ, yóò yún ọ bí ẹni pé kòkòrò ń jó níbẹ̀, má họ ọ́. Má já èépá. Fi ìrọ̀rí gbé orí sókè bó o bá sùn, má dojú bolẹ̀.

Ní bí ọjọ́ kẹta, iwájú orí lè wú, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ wá sójú. Rántí sẹ́nétọ̀ yẹn! Á lọ fúnra rẹ̀. Tó bá ń yọ ọyún, tó bá gbóná, tí ibà dé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù, ilé ìwòsàn ni.

Wàyí o, di ọkàn rẹ mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ, irun tuntun náà máa JÁBỌ́.

Gbogbo rẹ̀, tàbí èyí tó pọ̀ jù! Irun tí o náwó lé! Ọ̀pọ̀ ló ti fi omijé pe dókítà lóru. Kò bàjẹ́ o. Gbòǹgbò wà nílẹ̀, ó ń sinmi ni. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, á tún yọjú. Oṣù kejìlá lo tó lè sọ pé o ti rí i. Ti àtàrí a tiẹ̀ máa pẹ́ jùyẹn.

Ká padà sí Avépozo tí mo fi ọ́ sí. Òkun: dúró ọ̀sẹ̀ 4, ó kéré tán. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ hótẹ́ẹ̀lì náà wà nínú rẹ̀, má wá fi ìyẹn rẹ́ mi jẹ. Iyanrìn: títí èépá á fi ṣí tán, má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ ẹ sí ọ lórí. Oòrùn: oṣù 3, fìlà tó fẹ̀ tí kò fún orí ni kí o máa dé tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Gbogbo etí òkun Togo kò ju bíi kìlómítà 56 lọ, kò sì sí ibì kan nínú ẹ̀ tí oòrùn kò mọ̀.

Zémidjan ni kí o fi sílẹ̀ tìtorí àṣíborí. Má wá ní o máa gùn ún láì dé àṣíborí, orí tí o náwó lé náà ni. Wọ takisí fún ọ̀sẹ̀ 2.

Gèlè ńkọ́? Òde ìgbéyàwó kò ní parẹ́. Wé e sílẹ̀ wẹ́rẹ́, tàbí kó o fi sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Dídì àti wíìgì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀bá iwájú? Oṣù 6 ó kéré tán, kí o sì gbàṣẹ kí o tó ṣe é. Sìgá? Irun tuntun kórìíra rẹ̀. Ọtí náà, fi ọjọ́ díẹ̀ sinmi.

Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Mo ní mẹ́ta tó lè gbé ọ ṣubú.

Dókítà kan ní Kòríà, Sungjoo Hwang, gbin irun orí ara rẹ̀ sí ẸSẸ̀ ara rẹ̀! Ó hù. Ṣùgbọ́n ó di onílọ̀ọ́ra, bíi mílímítà 8 lóṣù, bí ẹni pé ó gbọ́ pé ẹsẹ̀ ni òun wà.

Ní 1999, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì láti ìdí irun orí Colin Jahoda, onímọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi sí apá obìnrin. Irun hù! Sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin, apá obìnrin, ara rẹ̀ kò sì lé e jáde. Ìwé ìròyìn Nature ló gbé e.

Ẹni tó fi irun orí gbin irun òkè ojú ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ máa gẹ̀ ẹ́ títí ayé. Irun orí ni, kò mọ̀ pé wọ́n ní kí òun kúrú! Bó bá gbàgbé, á gùn bo ojú.

Ó tó, ká sọ ti owó. Ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ lè ju 10,000 dọ́là lọ. Istanbul ń gba ìdá kékeré nínú rẹ̀, hótẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Dúró ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀, wàá rí orí pupa tóótòòtó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bándéèjì nípàkọ́.

Àwọn dókítà tó dára pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ibòmíràn náà wà o, níbi tí dókítà á ti kí ọ káàárọ̀, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà á sì gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà onírun lágbàáyé, ISHRS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ti ń pariwo èyí tipẹ́. Wọ́n tiẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, 11 oṣù Kọkànlá, fún títún orí tí àwọn gbájúẹ̀ bàjẹ́ ṣe. Odindi ọjọ́!

Nítorí pé irun ìpàkọ́ lópin. Ìdì bíi 6,000 ni ọ̀pọ̀ orí lè fi sílẹ̀ láyé, ti ẹlòmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tí wọ́n wú 4,000 lọ́jọ́ kan, tí ìdajì kú, ibo ló kù tó máa yà sí? Ìpàkọ́ á sì ti rí jálajàla. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Ìwọ kò ní rí i, gbogbo Avépozo á rí i.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè ọ́ wá ṣe greffe, ìyẹn gbígbin irun, ní owó pọ́ọ́kú, béèrè nǹkan 3 kí o tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ta ló máa di irinṣẹ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Orí dúdú mélòó ló ti gbìn, níbo sì ni àwòrán oṣù 12 wọn wà? Bí orí bá ń jó mi lẹ́yìn tí mo bá padà dé Lomé, nọ́ńbà ta ni kí n pè? Ẹni tí kò bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má fún un lórí.